Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ya fótò igi redwood, ẹ gbọ́ tèmi ná

Ẹ̀yin ará Kétu tí ọ̀nà Amẹ́ríkà bá là fún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dé California kẹ́ ẹ má rí igi redwood o. Ìrókò ilé wa ni mo fi kọ́ṣẹ́ fótò, mo rò pé mo mọ igi ńlá, àfìgbà tí mo dúró sídìí èyí tọ́rùn fẹ́ẹ̀ kán mi.

Oòrùn ọ̀sán ò dáa rárá, ibì kan á funfun báláú, ibòmíì á dúdú kirikiri. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ, nígbà tí kùrukùru bá ń wọlé látojú òkun, ìmọ́lẹ̀ á rọ̀, èèpo pupa yẹn á wá yọ dáadáa. Inú igbó ṣókùnkùn, ẹ gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó má gbọ̀n.

Ẹ fi èèyàn sí i! Àbúrò mi fẹ̀yìn ti ìdí igi kan, gèlè yẹ́lò orí ẹ̀ wá dà bí èkùrọ́ kan péré nínú fótò, ìgbà yẹn lará ilé tó mọ bó ṣe tóbi tó.

Igi redwood kan tó ń jẹ́ Hyperion, tó ga jù láyé, lé ní mítà 115, àmọ́ ẹ má wá a lọ, wọ́n ti ti ibẹ̀ pa, ẹsẹ̀ èèyàn ló ń ba ilẹ̀ ìdí ẹ̀ jẹ́, gbòǹgbò wọn ò sì jìn. Ojú ọ̀nà ni kẹ́ ẹ máa rìn.

Igbó redwood tó ń jẹ́ Muir Woods ló sún mọ́ ìlú San Francisco, ẹ ti sanwó ibi tẹ́ ẹ máa gbé mọ́tò sí sílẹ̀, kẹ́ ẹ tọ́jú rìsíìtì ẹ̀ sórí fóònù, torí nẹ́tíwọ̀kì ò sí níbẹ̀.