Smartwatch olówó pọ́ọ́kú: ìdí tó fi ń já kúrò lára fóònù, àti àwọn ìbéèrè mìíràn

Smartwatch tí kò wọ́n, aago ọwọ́ tí wọ́n ń so mọ́ fóònù, ti gba ìgboro báyìí, láti Ọ̀tìgbà n'Íkẹjà dé ṣọ́ọ̀bù fóònù tó kéré jù ládùúgbò. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì máa ń ní kí ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká olówó ńlá rà á. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń jù ú sí kọ̀rọ̀ yàrá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ní ayédèrú ni, nígbà tó jẹ́ pé fóònù tí wọ́n so ó mọ́ ló ń dí i lọ́wọ́. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nìwọ̀nyí, pẹ̀lú ìdáhùn mi.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo tan Bluetooth, fóònù mi rí aago náà, ó tiẹ̀ kọ ọ́ pé wọ́n ti so pọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣí áàpù rẹ̀, á ní òun ò rí aago kankan. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, ibi tó o ti so ó ni kò tọ́. Inú áàpù rẹ̀ la ti ń so aago báyìí, a kì í so ó láti ojú ewé Bluetooth tá a ti ń so íápíìsì. Padà sí Bluetooth, tẹ orúkọ aago náà, kó o yan Forget. Lẹ́yìn náà ni kó o ṣí áàpù, kó o wá aago náà láti ibẹ̀.

Tí áàpù ò bá tún rí i, wo Location. Lórí Android 6 dé 11, bí Location bá wà ní pípa, áàpù ò lè wá irú ẹ̀rọ Bluetooth yìí rárá. Láti Android 12 lọ sókè, Nearby devices ni àṣẹ tó máa tọrọ. Àwọn kan máa ń kọ̀ láti fún un ní Location torí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ibi tí wọ́n wà. Wọn ò jẹ̀bi, pàápàá tó bá jẹ́ áàpù tí a ò mọ ẹni tó ni ín. Gbà á láyè fún ìgbà tó o bá ń lò ó nìkan, kó o sì kọ èyí tí kò bá kàn án.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, aago tó bá ti so mọ́ fóònù kan nítòsí kì í fara hàn fún òmíràn. Tí ọ̀rẹ́ rẹ bá ti bá ọ dán an wò, ní kó kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lórí áàpù tirẹ̀. Bí aago tó jọra bá pọ̀ nínú yàrá, tẹ About lójú aago tìrẹ. Wàá rí nọ́ńbà MAC rẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí aago kọ̀ọ̀kan ní. Fi ìparí nọ́ńbà yẹn wé èyí tí áàpù gbé jáde, kó o má baà so ti ẹlòmíràn.

Áàpù tí ìwé inú páálí bá dárúkọ ni kó o lò. FitPro, Da Fit àti HryFine ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n aago tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan kì í sábà gbọ́ ti èkejì. Inú Play Store ni kó o ti mú un. Tí QR code inú ìwé náà bá gbé ọ lọ sí ìkànnì tí o kò mọ̀ rí, kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí l'Óṣogbo. Mi kì í mú fóònù lọ́wọ́ tí mo bá wà ní kíláàsì, ìdí tí mo fi ra aago nìyẹn. Láàárọ̀ á ṣiṣẹ́ dáadáa. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ìpè ò wọlé mọ́, WhatsApp ò wọlé mọ́. Bí mo bá ṣí áàpù báyìí, gbogbo rẹ̀ á tún padà. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn ló tú àṣírí rẹ̀. Aago tó bá ń jí padà bí ẹ bá ti ṣí áàpù, fóònù ló pa áàpù náà. Tecno, Infinix, itel àti Xiaomi, wọ́n ṣe gbogbo wọn kí bátìrì lè pẹ́, torí náà áàpù tí ẹ kò bá fọwọ́ kàn fún ìgbà díẹ̀, fóònù á pa á láìsọ fún yín. Bẹ́ẹ̀ aago yìí ò ní síìmù, kò ní íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ohun gbogbo tó ń gbé jáde, ọwọ́ áàpù ló ti ń gbà á.

Ẹ tẹ àmì áàpù náà mọ́lẹ̀ kó pẹ́ díẹ̀, ẹ yan App info, ẹ wọ Battery, kí ẹ yan Unrestricted. Fóònù mìíràn ń pè é ní No restrictions. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá Autostart, èyí tó ń jẹ́ kí áàpù dá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, nínú Settings, tàbí nínú Phone Master bó bá jẹ́ Tecno tàbí Infinix lẹ̀ ń lò, kí ẹ ṣí i fún un. Èyí tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ló kù: níbi tí àwọn áàpù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ti máa ń tò sí, ẹ fi àgádágodo kékeré yẹn tì í, torí bí ẹ bá gbá gbogbo wọn dànù lẹ́ẹ̀kan, òun náà á bá wọn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún yé tẹ Boost nínú Phone Master ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lẹ̀ ń fọwọ́ ara yín já aago náà.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n so pọ̀ dáadáa, tí ìpè ń wọlé, àmọ́ tí WhatsApp ò wọlé, ẹ wá Notification access nínú Settings, kí ẹ tan áàpù aago náà níbẹ̀. Lórí Android 13 sókè, ó lè jẹ́ pé kò ní gbà kí ẹ tàn án, á kọ Restricted setting síwájú yín. Ibi tí ẹ ti mú áàpù wá ló fa ìyẹn, pé ẹ ò mú un nínú Play Store. Ẹ padà sí App info, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè, kí ẹ yan Allow restricted settings, kí ẹ tó padà lọ tàn án. Bí gúrúùpù kan bá sì wà tí ẹ ti pa ẹnu rẹ̀ mọ́ lórí fóònù, ẹ má retí rẹ̀ lójú aago.

Ohun kan ṣì kù tó kan kíláàsì. Bluetooth aago kékeré kì í sábà kọjá nǹkan bíi mítà 10, ògiri á sì tún gé e kù. Bí fóònù bá wà ní yàrá àwọn olùkọ́, tí ẹ̀yin wà ní ìkángun ilé kejì, wọn ò lè gbọ́ra.

Ìbéèrè: Ti iPhone ńkọ́, tí WhatsApp ò bá wọlé lójú aago?

Ìdáhùn: Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Bluetooth, ẹ tẹ àmì i tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ aago, kí ẹ sì tan Share System Notifications.

Ìbéèrè: Tí àwọn ọmọ mi bá fi Yorùbá kọ̀wé sí mi, àpótí kéékèèké ló máa ń kún ojú aago. Mo lọ pa á, mo tún tàn án, bákan náà ni.

Ìdáhùn: Àkójọ lẹ́tà tí wọ́n kó sínú aago ló kéré. Ààyè inú rẹ̀ ò tó nǹkan, àwọn tó ṣe é kò sì rántí ẹ, ọ, ṣ pẹ̀lú àmì orí wọn, torí náà lẹ́tà tí kò bá ní, àpótí ló máa fi rọ́pò rẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ lè tẹ̀ lórí fóònù tó lè tún un ṣe. Tí áàpù bá gbé àtúnṣe jáde fún aago, ẹ gbà á, ó lè fi lẹ́tà kún un. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n yé fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nítorí aago. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Aago á sọ fún yín pé ẹnì kan kọ̀wé, ẹ ó sì lọ kà á lórí fóònù.

Ìbéèrè: Aago mi ò gba iná mọ́. Irú èyí tí kò ní wáyà ni, ara rẹ̀ gan-an la ń kì bọ ihò USB.

Ìdáhùn: Ẹ yí i padà kí ẹ tún un kì. Tí ẹ bá yọ okùn rẹ̀, ẹ máa rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn irin pẹlẹbẹ yẹn wà, ẹ̀gbẹ́ kejì kàn jẹ́ rọ́bà lásán. Ó máa ń wọ ihò USB lọ́nà méjèèjì, àmọ́ ọ̀nà kan ló ń gba iná. Ẹ wo irin náà dáadáa: òógùn máa ń gbẹ lé e, á mú àwọ̀ ewé díẹ̀ jáde. Ẹ fi spirit sára òwú, ẹ fi nù ún, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Ẹ má fi power bank gba iná sí i. Iná tí aago ń fà kéré débi pé power bank á rò pé kò sí nǹkan kan lára òun, á sì pa ara rẹ̀. Ihò USB kọ̀ǹpútà dára, ṣájà kékeré tí wọ́n kọ 5V 1A sí lára náà dára. Tí bátìrì bá ti kú pátápátá tipẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó ní kò gbà.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ló ra aago yìí fún mi nítorí BP mi. Láti ìgbà tí mo ti ń lò ó, 118/76, 120/78, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé jáde lójoojúmọ́. Ṣé mo lè dín oògùn mi kù báyìí?

Ìdáhùn: Mọ́mì, mo bẹ̀ yín, ẹ má dín oògùn kankan kù nítorí nọ́ńbà tí aago gbé jáde. Dókítà ló kọ ọ́, dókítà nìkan ló lè dín in kù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí aago náà ń ṣe. Tí ẹ bá yí i dojú dé nínú òkùnkùn, ẹ máa rí iná aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ máa ń gbé irú iná yẹn mì. Bí ọkàn bá ti lù, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ díẹ̀ lábẹ́ awọ, iná tó ń padà sára aago á sì dín kù. Ohun tó ń kà nìyẹn, ó sì lè fi mọ iye ìgbà tí ọkàn lù. Ṣùgbọ́n agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan, iná ò rí i. Ẹ̀rọ ọsibítù máa ń fún apá yín títí ẹ̀jẹ̀ á fi dúró, á wá tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ ọ́n. Kò sí ohun tó ń fún apá nínú aago yìí. Ó ń fojú díwọ̀n ni, ọ̀pọ̀ wọn sì ń wo ọjọ́ orí àti ìwọ̀n ara tí wọ́n kọ sínú áàpù. Nọ́ńbà dáadáa ni wọ́n sábà máa ń gbé jáde, ìyẹn gan-an ló sì ń já mi láyà, torí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í fi bẹ́ẹ̀ dun èèyàn títí tó fi máa ṣe ohun tó fẹ́ ṣe.

Ẹ ní kí ọmọ yín bá yín ra ẹ̀rọ BP gidi tí wọ́n ń so mọ́ apá lókè ìgúnpá. Kí ẹ tó lò ó, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn yín fara ti àga, kí ẹsẹ̀ yín tẹ ilẹ̀, kí apá yín wà ní ọ̀gangan ọkàn. Ẹ kọ iye tó gbé jáde sínú ìwé, kí ẹ mú ìwé náà lọ bá dókítà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ tà yín ní aago tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìgún yín níka, ẹ má rà á. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn l'Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn ò tíì fọwọ́ sí aago tàbí òrùka kankan tó ń dá wọn ṣúgà. Nọ́ńbà afẹ́fẹ́ (oxygen) inú ẹ̀jẹ̀ tí aago ń gbé jáde náà ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún wa. Ìwádìí tí àwọn dókítà gbé jáde l'Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka ní ọsibítù pàápàá máa ń kùnà láti rí àìtó afẹ́fẹ́ lára aláwọ̀ dúdú, iye ìgbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun.

Bí ọkàn ṣe ń lù ni ẹ lè máa fi aago wò, tó bá fún mọ́ ọwọ́ dáadáa tí ẹ ò sì mira. Tó bá ṣe yín bí ẹni pé ó ń purọ́, ẹ fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ kejì níhà àtàǹpàkò, ẹ ka bó ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Ìbéèrè: Mo gun ọ̀kadà láti ilé dé ọjà, aago ní mo ti rin ẹgbẹ̀rún ìṣísẹ̀.

Ìdáhùn: Mímì ọwọ́ ló ń kà, kò rí ẹsẹ̀ yín. Títì tí kò dáa á fi kún un, ẹni tó ń gún iyán náà á rí ìṣísẹ̀ rẹpẹtẹ. Ẹ fi iye ti ọ̀sẹ̀ yìí wé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ má kà á sí òdodo lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè: Wọ́n kọ IP67 sí i lára, mo fi wẹ̀, omi wọ inú rẹ̀.

Ìdáhùn: Omi tútù lásán ni IP67 wà fún, mítà kan sísàlẹ̀, fún ìṣẹ́jú 30. Omi gbígbóná, ooru rẹ̀ àti ọṣẹ kò sí nínú àdéhùn yẹn. Ẹ pa á, ẹ nù ún, ẹ fi síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹ má sì fi iná sí i títí tí ìkùukùu abẹ́ gíláàsì fi máa lọ.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti bàjẹ́ lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ẹ so ó mọ́ fóònù mìíràn, kí ẹ ti ṣe gbogbo ohun tí mo sọ nípa Battery àti Autostart. Tó bá ṣì ń já nígbà tí fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á bí ọjọ́ wárántì ò bá tíì pé. Àmọ́ tí ẹ bá rí i pé ojú rẹ̀ ń gbéra sókè, tí gíláàsì ń ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bátìrì ló ti wú. Ẹ bọ́ ọ lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi iná sí i mọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi nǹkan gún un.