Ìka Méjì Ló Jẹ Owó Mi

£155 ni mo yà sọ́tọ̀ fún mọ́ọ̀dù, rọ́bà tí wọ́n fi ń da ère. Nígbà tí iṣẹ́ fi máa parí, £465 ti wọlé lọ, torí ìka ọwọ́ tí kò tó ẹyin eèrà.

Ère kéékèèké tí wọ́n fi ń ta eré ogun orí tábìlì ni mò ń ṣe ní London níbí, mìlímítà 28 ni gíga wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí n ṣe àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàndágbé Solovetsky, erékùṣù kan nínú Òkun Funfun lápá àríwá Rọ́ṣíà. (Mi ò ní kọ "mọ́ǹkì" o, kí ẹnì kan má lọ máa retí ọ̀bọ.) Lọ́dún 1668 ni àwọn ọmọ ogun Tsar, ọba Rọ́ṣíà, dó ti àwọn baba yìí, wọn ò sì ríbi wọlé títí di January 1676, nígbà tí ọ̀kan nínú wọn, Feoktist, sá jáde lọ fi ihò kan tí wọ́n fi òkúta dí han ọ̀tá. Ta ni kò ní fẹ́ ṣe ère irú àwọn baba bẹ́ẹ̀?

Yíyà á lórí kọ̀ǹpútà àti títẹ̀ ẹ́ jáde ní resin (irú ike kan), ẹni tó ń ṣe é mọ̀ ọ́n. Ère mẹ́jọ ni. Àwọn kan gbé ìbọn, àwọn kan gbé berdysh, àáké olójú gbọọrọ tí wọ́n tún máa ń gbé ìbọn lé láti yìn ín. Orí wọn tóbi ju ara lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ilé wa ò kọ́ èyí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nikanor ni mo fẹ́ràn jù, àgbà tí wọ́n ní ó máa ń fi tùràrí fín àwọn àgbá orí odi, tó ń pè wọ́n ní ìyá. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó fẹ́ ṣe àmì àgbélébùú. Ẹ̀wọ̀n àwo tùràrí rẹ̀, ẹ lè ka ojú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan! Inú mi dùn títí.

Ẹni tó ń bá mi dà á ní tánńganran ṣe mọ́ọ̀dù rọ́bà, ó da ogójì sẹ́ẹ̀tì. Oníbàárà àkọ́kọ́, bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, bi mí pé kí ló dé tí Nikanor fi ń lo ìka mẹ́ta.

Ara mi bù máṣọ. Ìka mẹ́ta gan-an ló dá ìjà sílẹ̀! Lọ́dún 1653 ni Patriarch Nikon, olórí Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì Rọ́ṣíà, ní kí wọ́n pa ìka méjì tì, kí wọ́n máa fi mẹ́ta ṣe àmì àgbélébùú bíi ti àwọn Gíríìkì. Àwọn ará Solovetsky ní àwọn ò ní gbà láé. Èmi wá fún wọn ní mẹ́ta, bí ẹni gbẹ́ Ṣàngó tó gbé àdá Ògún lé e lọ́wọ́ dípò oṣé. Fìlà wọn náà, ti Nikon ni mo dé fún wọn, èyí tó ga tí orí rẹ̀ tẹ́jú; tàtijọ́ kò ga, ó sì rí roboto. Fọ́tò òde òní ni mo wò.

Ìrọ̀lẹ́ kan péré ni mo fi tún fìlà ṣe. Ìka ló gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Ìka mẹ́ta máa ń wà pọ̀ ṣùkù, tánńganran a sì kún inú rẹ̀. Ìka méjì nà sókè bí irun imú ológbò. Ooru ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ rọ́bà ṣẹ́ ti àkọ́kọ́. Oníṣẹ́ mi ò gbowó ìyẹn. Mo mú un nípọn, Nikanor dà bí ẹni tó ń na sọ́séèjì sókè. Mo tún dín in kù, mo san £155 míì, a da mẹ́wàá, mẹ́fà jáde láìní ìka kankan. Oníṣẹ́ ní kì í ṣe ẹ̀bi òun. Òótọ́ ni, ìyẹn ló tún bí mi nínú jù.

Aago kan òru, ìyàwó mi yọjú: "Bàbá Ìbejì, ṣé ìka àná náà lẹ ṣì ń gbẹ́?" Mi ò fèsì.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé iwájú orí ni àmì àgbélébùú ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ ọwọ́ rẹ̀, mo fi ìka méjèèjì ti iwájú orí, mo so wọ́n pọ̀, ìlà tín-ín-rín kan ló pín wọn. Tánńganran ń gba ojú wọnú ìka. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá! Mo jó nínú kíṣíìnì.

Ẹ má ṣe bíi tèmi o. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kàwé nípa ìbọn, mi ò ka ojú ìwé kan nípa ọwọ́. Ẹ wádìí ohun tó dá ìjà sílẹ̀ kí ẹ tó wá ohun ìjà, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe ẹ̀sìn náà rí ti resin kí ẹ tó sanwó mọ́ọ̀dù.

Àwọn tó bàjẹ́ wà nínú agolo Bournvita. Fìlà gíga, ìka mẹ́ta: ó bá àwọn Gíríìkì mu. Ní Arkadi, ní erékùṣù Kírétè, November 1866, olórí ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó ń jẹ́ Gabriel àtàwọn èèyàn rẹ̀ kọjú ìjà sí àwọn ọmọ ogun Ottoman, títí tí ìyàrá ẹ̀tù fi bú gbàmù. Berdysh nìkan ni mo ní láti gé kúrò lọ́wọ́ wọn, kí n fi idà rọ́pò. Mo ti ṣe mọ́kànlá. Ayùn ti gé mi ní àtàǹpàkò lẹ́ẹ̀mejì.