Ìwọ̀n Oògùn Eku Kì Í Ṣe Ìwọ̀n Oògùn Ènìyàn
Ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó ń gbin ewé àgbo, àwọn tó ń tà á àti àwọn tó ń mu ún

Bí a ṣe ń já ewé, bí a ṣe ń sá a sí ibòji, bí a ṣe ń sè é, ẹ mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe kan ló mú ìwé yìí wá: ẹnìkan gbọ́ pé wọ́n ti dán ewé kan wò lára eku ní yunifásítì, ó mú iye tí eku gbà, ó sọ ọ́ di ìlọ́po bí òun ṣe wúwo tó, ó sì gbé e mu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìwádìí bá ní eku gba mìlígíráàmù 400 fún kílò kan, tí ẹni kílò 60 sọ ọ́ di ìlọ́po 60, gíráàmù 24 ló gbé mì yẹn. Ara eku máa ń yára lo oògùn tán ju tiwa lọ. Nítorí náà, 6.2 ni àwọn onímọ̀ oògùn fi ń pín ìwọ̀n ti eku kí ó tó bá ti ènìyàn mu. Ẹ kọ́kọ́ fi 6.2 pín 400: ó di nǹkan bíi 65. Ìlọ́po 60 rẹ̀ kò tó gíráàmù 4. Ti èkúté kékeré, 12.3 la fi ń pín in, ehoro, 3.1, ajá, 1.8. Àwọn tó fẹ́ dán oògùn tuntun wò lára ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́ a tún fi 10, ó kéré tán, pín èyí tó kù. Ìṣirò yìí kì í ṣe àṣẹ pé kí ẹ mu ún o.

Gíráàmù inú ìwé ìwádìí, ti èròjà gbígbẹ tí wọ́n yọ látinú ewé ni, kì í ṣe ti ewé inú ìkòkò. Kọ́ọ̀pù àgbo kò lè wọn ìyẹn.

Ìṣirò pàápàá a máa tàsé. Hóró parasitamọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, oní-mìlígíráàmù 500, lè pa ológbò, nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè pa agbára oògùn náà bí tiwa. Thalidomide, oògùn oorun tí àwọn aboyún tún ń lò fún èébì, tí wọ́n ń tà ní Jámánì láti 1957 sí 1961, kì í sábà sọ ọmọ inú eku di alábùkù ara. Ọmọ ènìyàn tó lé ní 10,000 ni wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù ara nítorí rẹ̀.

Síbẹ̀, ìdánwò lára ẹran wúlò gan-an. Ara ajá ni àwọn olùwádìí méjì, Banting àti Best, ti rí iṣẹ́ ínsúlínì, oògùn àtọ̀gbẹ, ní Toronto ní Kánádà ní 1921, kí ó tó kan ọmọkùnrin alátọ̀gbẹ kan ní 1922. Nítorí náà, bí ẹ̀dọ̀ eku bá bàjẹ́ nínú ìdánwò, ẹ pa ewé náà tì. Bí kò bá bàjẹ́, aboyún àti ọmọdé kò tíì rí ìdánilójú kankan níbẹ̀.

Bí ojú ẹni tó ń mu àgbo bá pọ́n bí ìyeyè, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, kí ó dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà. Kí ó gbé ìgò àti ewé tútù náà dání lọ sí ọsibítù.