Bí ẹ ṣe lè dín òjé kù lára, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ lè sinmi

Ọkọ mi ń tún bátìrì mọ́tò ṣe n'Íléṣà, nítorí náà òjé (lead), irin tó wà nínú bátìrì, kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín fara pẹ́ èyí, ẹ gbọ́ o.

Òjé àti cadmium, irin olóró mìíràn, máa ń ba inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ látọ̀dọ̀ ọkàn jẹ́. Iṣan á le, ẹ̀jẹ̀ á máa ru. Lọ́dún 2023, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa àwọn méjèèjì, pẹ̀lú arsenic, májèlé mìíràn.

Aṣọ iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹnu ọ̀nà ni kí baálé ti bọ́ ọ, kó wẹ̀ kó tó gbé ọmọ. Ẹ má fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ ọmọ. Eruku òjé tó máa ń sá pamọ́ sétí ṣòkòtò, òun gan-an lọ̀tá. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, kẹ́nikẹ́ni má sì jẹ iyán níbẹ̀, bó ti wù kébi pa á tó.

Omi kànga ńkọ́? Síse kì í yọ òjé. Bómi bá ṣe ń gbẹ lórí iná, ńṣe lòjé inú ẹ̀ ń ki sí i. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Sìgá ní cadmium nínú, ẹ pa á tì. Òjé sì sábà máa ń pọ̀ nínú tìróò tí wọ́n ń lé sójú ọmọ. Inú ìyá ọkọ mi ò dùn, àmọ́ mo da tiwa nù.

Ẹ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, kẹ́ ẹ ní kí dókítà wo òjé inú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ má gba àgbo "afọ̀jẹ̀" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.