Ibi tó yẹ kí tracker ọ̀kadà wà
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, aláàmù nìkan kò tó fún ọ̀kadà yín. Ariwo lásán ló ń pa. Bí kò bá sí ẹni nítòsí, olè á gbé e sínú ọkọ̀ lọ ni. Ẹ fi tracker kún un, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ibi tí ọ̀kadà wà ránṣẹ́ sí fóònù yín, kí ó jẹ́ èyí tó ní bátìrì tirẹ̀ nínú, torí olè lè já wáyà bátìrì ọ̀kadà. Ẹ má fi sábẹ́ ìjókòó, ibẹ̀ yá jù láti tú. Ẹ̀yìn iná iwájú dára, níbi tí ó jẹ́ pé ike ló bò ó, torí irin máa ń dí GPS lọ́wọ́, ìyẹn àmì láti ojú sánmà tí tracker fi ń mọ ibi tó wà. SIM inú tracker ni kí ẹ ṣọ́ jù: bí dátà bá tán, kò ní lè ránṣẹ́ sí yín. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Bí wọ́n bá sì gbé ọ̀kadà náà, ẹ má dá lé olè o. Ọlọ́pàá ni kí ẹ fi ibi tó wà hàn.