Ohun tó ń hó lórí síláìdì: bí mo ṣe ń ṣe àyẹ̀wò catalase

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo dé láàbù ni mo fi àyẹ̀wò yìí, tá a fi ń ya bakitéríà Staphylococcus sọ́tọ̀ kúrò lára Streptococcus, dójú ti ara mi. Mo ha kólónì kan, ìyẹn òkìtì bakitéríà kékeré, lórí àgà ẹlẹ́jẹ̀, oúnjẹ dídì tó ní ẹ̀jẹ̀ tá a ń gbin kòkòrò sí, mo kán hydrogen peroxide lé e, ó hó yaya, mo sáré lọ kọ Staphylococcus sínú ìwé. Ọ̀gá wa, Màmá tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, ní kí n gbé síláìdì náà wá sábẹ́ iná. Pupa díẹ̀ wà nínú ìfófòó náà. “Ẹ̀jẹ̀ lo yẹ̀ wò. O ò tíì yẹ kòkòrò kankan wò.”

Ẹ̀jẹ̀ náà ní catalase. Òun ló ń mú kí omi tí nọ́ọ̀sì fi ń fọ egbò máa hó, omi yẹn náà la sì ń lò níbí, ìdá 3 nínú 100. Májèlé ni hydrogen peroxide fún kòkòrò. Catalase ni ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń mú àyípadà yá kíá, tí kòkòrò fi ń gba ara rẹ̀: á mú ẹyọ májèlé méjì, á sọ wọ́n di omi méjì àti ọ́síjìn kan. Ọ́síjìn tó ń wá ọ̀nà jáde lẹ̀ ń rí yẹn.

Nítorí náà, kólónì tó lo wákàtí 18 sí 24 ni kí ẹ mú. Ti èyí tó ti gbó, ẹ́ńsáìmù rẹ̀ lè ti dínkù. Ẹ fi ìtayín onígi kan orí rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má jẹ́ kó wọ inú àgà. Ẹ má lo lúùpù onírin, wáyà olórí róbótó tá a fi ń bu kòkòrò, irin náà lè mú un hó. Ẹ fi kòkòrò sórí síláìdì gbígbẹ ná, kí ẹ tó kán hydrogen peroxide lé e, kí ẹ sì fi ìdérí àwo bò ó kíá, torí ìfófòó yẹn máa ń ta sókè.

Ẹ ka 1 dé 10. Tó bá jẹ́ kòkòrò róbótó tó gba àwọ̀ elésè àlùkò ti Gram, aró tá a fi ń pín bakitéríà sí ọ̀wọ́, tó sì hó lójú ẹsẹ̀, ọ̀nà Staphylococcus lẹ wà. Tó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, ẹ máa wá Streptococcus lọ. Àwọn bakitéríà Enterococcus kan máa ń yọ ìfófòó ẹyọ kan, ẹyọ méjì, pẹ̀lú ìlọ́ra. Èmi kì í ka ìyẹn sí híhó.

Inú ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ ni kí omi náà wà, nínú fíríìjì, torí ìmọ́lẹ̀ ń bà á jẹ́. Láràárọ̀, kí n tó fọwọ́ kan ti aláìsàn, mo máa ń kán an lé Staphylococcus aureus kan tá a ti mọ̀ dájú. Tí ìyẹn ò bá hó, ìgò yẹn di dídà nù.