Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Lésà Tí Ó Ń Ṣiṣẹ́ Púpọ̀ ní Ọ́fíìsì

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà ṣe, síbẹ̀ ó ṣì máa ń dùn mí nígbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tí kò tíì pé ọdún kan wá, tí inú rẹ̀ sì ti gbó bí èyí tí a ti lò fún ọdún mẹ́wàá. Owó ti ṣòfò, ẹ̀bi ẹ̀rọ náà sì kọ́.

Àṣìṣe kìíní ni ó ń bí mi nínú jù lọ. Nọ́ńbà méjì ni ó wà nínú ìwé àlàyé ẹ̀rọ, àwọn olùrà a sì máa fi ọ̀kan pe èkejì. Èkíní ni duty cycle, ìyẹn iye ojú ìwé tí ẹ̀rọ lè tẹ̀ lóṣù kan bí a bá lò ó dé góńgó agbára rẹ̀. Èkejì ni iye tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é dámọ̀ràn pé kí a máa tẹ̀ lóṣooṣù, èyí sì sábà máa ń kéré gan-an sí ti àkọ́kọ́. Èkíní ni wọ́n ń kọ gàdàgbà sára páálí. Lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n fi ń kọ èkejì.

Ọ́fíìsì ìṣirò owó kan ránṣẹ́ pè mí nígbà kan. Nǹkan bí 12,000 ojú ìwé ni wọ́n ń tẹ̀ lóṣooṣù, wọ́n sì ra ẹ̀rọ kan nítorí pé wọ́n rí 80,000 lára páálí rẹ̀. Iye tí a dámọ̀ràn fún un kò ju 4,000 lọ. Nígbà tí ó fi di oṣù karùn-ún, rólà tí ń fa bébà ti dán, ó ń fa ìwé méjì mẹ́ta pọ̀. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ, fuser, apá tí ń fi ooru lẹ tónà (ìyẹ̀fun tí a fi ń tẹ̀wé) mọ́ bébà, ti bàjẹ́ débi pé bí ẹ bá fi àtàǹpàkò ra ojú ìwé, lẹ́tà á bá ọwọ́ yín lọ. Owó àtúnṣe tí wọ́n san ju iye tí wọn ì bá fi kún un láti ra ẹ̀rọ ńlá. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ tẹ ojú ìwé ìròyìn ẹ̀rọ tí ẹ ń lò lọ́wọ́ jáde, torí pé iye tí ó ti tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ tún tẹ ojú ìwé ìròyìn náà jáde lẹ́yìn oṣù kan, kí ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú rẹ̀. Iye tí ó bá kù ni kí ẹ fi wé èyí tí a dámọ̀ràn.

Ìkejì ni wíwo owó ẹ̀rọ nìkan. Ẹ fi iye ojú ìwé tí kátíríìjì, ìyẹn ike tí tónà wà nínú rẹ̀, lè tẹ̀ pín owó rẹ̀, kí ẹ sì rántí pé ìlànà ISO/IEC 19752, tí a fi ń wọn kátíríìjì dúdú, ń lo ojú ìwé tí tónà bò ní nǹkan bí 5% péré. Bí ìwé yín bá kún fún àmì ilé iṣẹ́ àti tábìlì dúdú, kátíríìjì náà kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kátíríìjì tí ó bá ẹ̀rọ tuntun wá kì í sábà kún.

Ìkẹta: ẹ má ṣe so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín mọ́ UPS kékeré (àpótí bátìrì tí ń gbé iná fún ẹ̀rọ nígbà tí iná bá lọ), nítorí pé iná tí fuser ń fà nígbà tí ó bá ń gbóná ju agbára UPS bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ bébà náà wà níbẹ̀. Fuser máa ń gbóná tó nǹkan bí 200°C, nítorí náà bébà tí ó ti fa ọ̀rinrin yóò ká, yóò sì há sínú ẹ̀rọ. Inú ọ̀rá rẹ̀ ni kí ó wà títí tí ẹ ó fi lò ó. Lébẹ̀lì tí a kò ṣe fún lésà lè yọ́ mọ́ fuser.

Bí bébà bá há, ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí sáàsì yọ ọ́. Mo ti rí drum, ìyẹn rólà tí ń gbé tónà sórí bébà, tí wọ́n fi ọ̀bẹ ha, ìlà dúdú kan náà sì wà lára gbogbo ojú ìwé títí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi fà á jẹ́jẹ́, síbi tí bébà ń lọ.

Bí tónà bá dà sílẹ̀, ẹ má lo ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ inú ilé, torí pé ìyẹ̀fun rẹ̀ kúnná débi pé yóò gba inú àsẹ́ rẹ̀ kọjá sínú afẹ́fẹ́. Ẹ má sì lo omi gbígbóná, torí pé ike ni ó pọ̀ jù nínú tónà, ooru á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi nù ún, lẹ́yìn náà omi tútù.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé àkókò ìtọ́jú ti tó, ẹ má kàn tẹ bọ́tìnnì kí ọ̀rọ̀ náà lè kúrò. Ẹ pààrọ̀ àwọn rólà àti fuser, kí ẹ sì dá òǹkà ìtọ́jú rẹ̀ padà sí òdo lọ́jọ́ náà gan-an.